Ìbéèrè Tó Wọ Inú Fóònù: Kí Ni Wọ́n Ń Wá Lọ́dọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà wọlé sórí fóònù méjì nínú ilé kan ládùúgbò wa, lẹ́bàá Takie níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ló fi ránṣẹ́: ẹ dáhùn ìbéèrè márùn-ún, a ó fi káàdì fóònù ta yín lọ́rẹ. Ìyá ilé kò kà á dé ìdajì tí wọ́n fi pa á rẹ́. Wọ́n ní, “Àwọn ọmọ Yahoo ló tún dé. Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi?” Ọmọ wọn obìnrin, tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì LAUTECH, dáhùn tirẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ àdúgbò, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ta ló ń kó ìdáhùn náà jọ. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, wọ́n bá gbé e wá bá mi.

Ìyá kò jẹ̀bi, ọmọ náà kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó là á yé wọn rí ni. Ní oṣù yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta yógọ́ọ̀tì ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti ń sọ fún mi pé kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń fi fóònù bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń bà lẹ́rù, ẹni tó ń kánjú dáhùn, àti ẹni tó fẹ́ béèrè.

Kí ni ìwádìí orí fóònù?

Bíbi oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì. Ìyá aláàmàlà tó bá bi yín pé, “Ṣé iyọ̀ tó o?” ti ṣe ìwádìí, ìdáhùn yín ló sì máa fi se ọbẹ̀ ọ̀la. Ilé iṣẹ́ tó ní oníbàárà káàkiri Nàìjíríà kò lè jókòó ti abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba orí fóònù béèrè.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbéèrè náà ń gbà wọlé. Èyí tó rọrùn jù ni àtẹ̀jíṣẹ́ lásán: ìbéèrè wọlé, ẹ tẹ 1 tàbí 2, ẹ fi ránṣẹ́ padà. Kò nílò dátà, fóònù onítọ́ọ̀ṣì gbà á, ó sì lè dúró dè yín títí ẹ ó fi dé láti kíláàsì. Ọ̀nà kejì ni kóòdù tó ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì ń fi # parí, irú *310# tí a fi ń wo iye káàdì tó kù. Òun náà kò nílò dátà, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù: bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó tẹ ìdáhùn, ojú ìwé náà á pa rẹ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọ̀nà kẹta ni líǹkì, ìyẹn àdírẹ́sì tí ẹ máa tẹ̀ tí yóò gbé yín lọ sí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìbéèrè pọ̀ sí, tí àwòrán sì lè wà. Dátà yín ni yóò gùn lọ síbẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tọ̀ lọ?

Ẹ gbé ìwé àti bírò, kí ẹ lọ kanlẹ̀kùn àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tí ẹ máa bá nílé kò ní í pọ̀. Ní alẹ́ ńkọ́? Ẹni tó wà nílé kò ní í ṣílẹ̀kùn fún àjèjì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká tí a ń lò yìí, dé Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní yunifásítì lónìí, a kò tíì bí wọn nígbà yẹn. Wọn ò mọ ayé tí kò sí fóònù nínú rẹ̀.

Ìdí kejì ló jọ mí lójú jù, nítorí ó kan bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi, tó dàgbà tó ìyá rẹ̀, tí yóò sọ pé, “Mà, yógọ́ọ̀tì yín ti kan”? Kò ní í sọ ọ́. Yóò ní ó dùn, yóò kúnlẹ̀, yóò sì máa rà á níbòmíràn láti ọjọ́ náà lọ. Lórí fóònù, ojú kò pàdé ojú. Ó lè tẹ 2 fún “kò dùn” kó má sì rí àbùkù kankan níbẹ̀. Mo gbà pé nítorí èyí ni ìwádìí orí fóònù fi wúlò fún ilẹ̀ wa ju bí ó ṣe wúlò fún ibi tí ọmọdé ti ń sọ ohun tó wù ú fún àgbà.

Kì í ṣe àwọn ọlọ́jà nìkan ló ń ṣe é. UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ní ètò kan tó ń jẹ́ U-Report, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ùgáńdà ní ọdún 2011 tó sì dé Nàìjíríà ní ọdún 2014. Àwọn ọ̀dọ́ ń forúkọ sílẹ̀ nípa fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí 24453 lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì máa bi wọ́n léèrè lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wọn. Ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́jà ń lò náà ni: ìbéèrè kúkúrú, ìdáhùn kúkúrú, kí owó má jáde lápò ẹni tó ń dáhùn.

Kí ló lè wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan?

Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé, ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n fi ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Neil Papworth ló tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kíkí ọdún Kérésìmesì ló sì wà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwọ̀n ti wà: lẹ́tà 160, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá.

Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ wé bọ́ọ̀sì tó ní àga 160. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ń gba àga kan. À, è, é, ì, ò àti ù wà nínú ìwé èrò, nítorí àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n. Wọ́n ń jókòó láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á, í, ó àti ú. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọlé, wọn á tú gbogbo àga bọ́ọ̀sì náà, wọn á fi àga ńláńlá rọ́pò rẹ̀, àga náà á sì di 70 péré. Àní ọ kan ṣoṣo! Bí ọ̀rọ̀ bá ju 70 lọ, fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́, lẹ́tà 67 nínú èkúfọ́ kọ̀ọ̀kan, owó èkúfọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ẹni tó ń fi ránṣẹ́ yóò san. Ìdí rèé tí àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá tí a ń rí fi sábà máa ń wá láìní àmì. Ìnáwó ló fà á.

Àmì tí a yọ yẹn ní ohun tó ń ná wa. Èmi ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ wọn àkọ́kọ́. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń tajà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tún máa gbé e jáde lọ́sàn-án. Ohun tí a kọ rèé:

“E kaaro. Emi ni iya oniyogoti Under G. Ibeere 1 pere ni: se e fe yogoti osan? 1 Beeni 2 Beeko. E fi 1 tabi 2 ranse pada. Te DURO bi e ko ba fe ibeere mi mo.”

Lẹ́tà 156. Inú mi dùn pé ó wọ bọ́ọ̀sì kan. A fi ránṣẹ́ sí àwọn 62 tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ni pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé kúlà kún ní aago méjì ọjọ́ kejì. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó dé wo inú kúlà náà títí, ó ní, “Mà, ọlọ́sàn yẹn dà?” Ẹni kejì dé, ọ̀rọ̀ kan náà. A bi wọ́n ní ọ̀sán, wọ́n ka ọsàn. Àwọn kan nínú bẹ́ẹ̀ni yẹn, èso ni wọ́n ń wí, àwọn yòókù sì ń wí àkókò, a kò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo. Kúlà náà padà sílé pẹ̀lú ìdajì ọjà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe yẹn ti wá.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní í lo àmì, ẹ má lo ọ̀rọ̀ tó ní ìkejì. “Se e fe ki n maa wa ni aago 2?” kò lè túmọ̀ sí ohun méjì. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ẹ fún ẹni mẹ́ta tí kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn kà, kí wọ́n sọ ohun tó yé wọn fún yín. Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti rí àṣìṣe náà.

Bí ó bá jẹ́ líǹkì ńkọ́?

Líǹkì dára nígbà tí ìbéèrè bá ju mẹ́ta lọ, tàbí tí ẹ fẹ́ fi àwòrán ike méjì hàn kí wọ́n mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àtàńpàkò kan ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìbéèrè kan lójú ìwé kan. Bọ́tìnnì tó fẹ̀. Kó má sí tábìlì, ìyẹn àtẹ onílà, tí wọn yóò máa fà sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó rí ìparí rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Mo ti rí èyí tó ní ìṣẹ́jú méjì tó gba mẹ́tàdínlógún. Ní ìdajì ọ̀nà, mo ti ń tẹ èyíkéyìí tó bá sún mọ́ àtàńpàkò mi. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ burú ju kí èèyàn má dáhùn lọ, nítorí ó jọ ìdáhùn gidi, wọn á sì kà á mọ́ ọn.

Ẹ sì má fi ìbéèrè méjì sínú ẹyọ kan. “Ṣé yógọ́ọ̀tì wa dùn, ṣé ó sì pọ̀ tó?” Ẹni tó gbà pé ó dùn ṣùgbọ́n tí kò pọ̀, kí ni kó tẹ̀?

Ṣé kí ìdáhùn ṣáà ti pọ̀ ni?

Rárá. Bí mo bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo àlàyé yìí, ibí ni màá ní kí ẹ ti mú un.

Ìlú wa kò kéré nínú òwò kajú. Ẹni tó bá ti wo oníṣòwò tó wá ra kajú rí yóò mọ̀ pé kì í wo ẹnu àpò lásán. Yóò bu láti òkè, yóò bu láti àárín, yóò bu láti ìsàlẹ̀, láti inú àpò tó yàtọ̀ síra, yóò sì gé èso náà sí méjì kó lè rí inú rẹ̀. Díẹ̀ ni gbogbo ohun tó bù, ó sì tó. Bí ó bá jẹ́ òkè àpò kan ṣoṣo ló ti bu igba èso, igba náà kò ní í sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ fún un.

Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn láti bi wọ́n ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dáhùn. Ìwé ìròyìn náà kéde pé Alfred Landon ni yóò wọlé. Franklin Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló sì mú. Ibo ni wọ́n ti rí àwọn orúkọ tí wọ́n kọ̀wé sí? Nínú ìwé àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní mọ́tò, lásìkò tí ìyà ń jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Òkè àpò ni wọ́n bù. Àwọn tó dáhùn pàápàá kò jọ àwọn tó dákẹ́.

Ẹ wá wo ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni 62 tó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń ra yógọ́ọ̀tì lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń gba iwájú kúlà náà kọjá lójoojúmọ́ láìrà, tí wọ́n mọ ìdí tí wọn kò fi ń rà, kò sí nọ́ńbà wọn níbẹ̀. Ìwádìí tó gba orí líǹkì nìkan, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ telọ̀ ní Sábó tí kò ní dátà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ lòun náà, owó sì wà lápò rẹ̀. Bí a bá sì fi káàdì ṣe ẹ̀bùn, ọmọ kan tó ní síímù mẹ́ta lè dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹ tó ka iye tó dáhùn, ẹ bi ara yín pé ta ni kò dáhùn.

Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi?

Ìbéèrè ìyá ilé yẹn nìyí, ó sì tọ́ kí wọ́n bi í. Nàìjíríà ní Òfin Ààbò Dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Nọ́ńbà yín, orúkọ yín, ọjọ́ orí yín ni dátà tí òfin yìí ń wí, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, ẹ lè yọwọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Àwọn ọlọ́jà tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì máa ń gbàgbé èyí, kò sì yẹ kí wọ́n gbàgbé. Àjọ NDPC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin yìí, ni a ń fẹjọ́ sùn.

Bí ó bá jẹ́ ìpolówó ọjà ló sú yín, ẹ fi HELP ránṣẹ́ sí 2442. Wọn á to irú rẹ̀ jọ fún yín kí ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́. STOP ń dí gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti pa á láṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, àwọn kan á wá bá yín pé àwọn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nọ́ńbà àwọn ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ fún títà. Ẹ má rà á. Àwọn tó ni nọ́ńbà náà kò fún yín, wọn kò sì mọ̀ yín. Ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sí, sàn jù ú lọ.

Báwo ni a ṣe máa mọ ti oníjìbìtì?

Ìwádìí gidi kò nílò PIN yín, kò nílò BVN, kò nílò nọ́ńbà ara káàdì ATM, kò sì nílò kóòdù tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ tí yóò fi bọ́gbọ́n mu. Ìwádìí gidi kì í gba owó kó tó fún yín lẹ́bùn, kì í sì í ní kí ẹ kọ́kọ́ pín in fún èèyàn mẹ́wàá lórí WhatsApp. Ẹ ka àdírẹ́sì náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa ń yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Àwòrán àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sọ pé olóòótọ́ ló ni ojú ìwé náà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kẹta kò lè yọjú sí ohun tí ẹ ń kọ lójú ọ̀nà. Olè náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sínú ilé.

Bí ẹ bá ti kọ PIN sí irú ibẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n dí i. Ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú mú yín dákẹ́.

Kí ni kí ẹni tó béèrè ṣe lẹ́yìn ìdáhùn?

Kó padà wá sọ ohun tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣe é. Wọ́n á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀dọ́, wọ́n á kọjá lọ, wọ́n á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnu á sì máa yà wọ́n pé kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìbéèrè yẹn bi, pẹ̀lú aago méjì nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta, wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn 62, àwọn tó dáhùn àti àwọn tí kò dáhùn: “E seun. Eniyan 38 lo dahun. 27 fe ki n maa wa ni aago 2. Maa bere ni Monde.” Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀kan ti dáhùn.

“E se ma. Se ti eleso osan yen naa n bo?”

Apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì wọn láàárọ̀ yìí.